Bí Mo Ṣe Fi Ẹ̀kọ́ Ìbọn Kọ́ Linnea Ní Ìwé

                                        Ilé Àwọn Tveit,
                                        Ọ̀nà Lone Coulee,
                                        Harlan Butte,
                                        Montana.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2018.

Shawna, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti yé jà lórí ẹni tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé? Orúnkún màmá rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń fi rìn láìmú ọ̀pá? Bá mi sọ fún wọn pé páì tí wọ́n kọ́ mi ṣe, mo tún sun ún jóná lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì ní àwọn mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ara tèmi le. Ti Dell ọkọ mi náà le nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù. Dakota ló ṣì wà, nídìí epo rọ̀bì, ìgbà tí wọ́n bá fún un láyè ló ń wálé. Linnea ọmọ wa ti ga jù mí lọ. Bí ó bá ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí mo rí òjìji rẹ̀ lára ògiri, èmi a rò pé Dell ló dé.

Mo mọ̀ pé o ó ti máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí n kò kọ̀wé láti ìgbà ooru. Kì í ṣe pé mo gbàgbé rẹ. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ nínú mi jù, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè mú un. Àwọn Sorum tó wà nísàlẹ̀ odò ti ta ilẹ̀ wọn, wọ́n ti kó lọ. Ẹni tó rà á kò gbé ibẹ̀, màlúù rẹ̀ nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, mo máa ń wo apá ibi tí iná wọn máa ń wà, mo ṣì máa ń wò ó bí ẹni pé ẹnìkan yóò tàn án. Atẹ́gùn nìkan ló kù tó ń yà wá, òun kì í sì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo ti ń dá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò lóhùn. Bí ó bá ní “ẹ káàárọ̀ o,” èmi a ní “ẹ káàárọ̀, sà, yìnyín ti bo géètì.” Bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín, mo gbà bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, èmi àti Linnea jókòó lẹ́yìn ilé, a ń bó àgbàdo tí a fẹ́ dì sínú ẹ̀rọ amómitutù. Ọmọ náà kò gbójú sókè tó fi sọ ọ́. Ó ní, “Mama, mo fẹ́ lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì ní ìlú.”

O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé-ìwé kékeré tó wà ní oríta pa, èmi ni tíṣà rẹ̀, tábìlì kíṣínì sì ni kíláàsì wa. Ìlú jìnnà. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀, kò sí bí ènìyàn ṣe lè máa lọ kó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ìtumọ̀ ohun tó sọ ni pé ọ̀dọ̀ Ione, ìyá Dell, ni yóò máa gbé, òpin ọ̀sẹ̀ ni n óò máa rí i, bí ọ̀nà bá ṣeé gbà.

Shawna, ìwọ ni mo lè sọ òótọ́ fún. N kò ronú nípa ìwé rẹ̀ rárá. Ilé ni mo rò. Mo rí ara mi níwájú ìkòkò kékeré kan, tí mo ń se oúnjẹ ẹnìkan ṣoṣo. O rántí pé ọdún tí a jáde ìwé ni mo bí i, aṣọ ìjáde wa kò fẹ́ bo ikùn mi mọ́, ìwọ lo fi píìnì há a fún mi lẹ́yìn. Láti ìgbà náà, n kò tíì gbé inú ilé kan rí tí ọmọ yìí kò sí níbẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bàbá rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, mo ti mọ ìyẹn lára. Ti Linnea, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo ní kó ṣe sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ó bó àgbàdo kan tán, ó jù ú sínú garawa, ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n lọ sí kíláàsì ìbọn nígbà náà.”

O mọ ìdí tí mo fi kọ̀ fún un látọdúnmọ́dún. Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú níbi ibojì Garth. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi kàn yọ ọta kúrò nínú ìbọn náà, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tó kọjá wáyà ẹlẹ́gùn-ún yẹn! Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ilé sì ti súnmọ́, ó ti ń wo iná kíṣínì wa lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ti ìbọn bọ àárín wáyà, ó gun ọgbà kọjá sí òdì kejì, ó di ẹnu ìbọn mú, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin agbègbè yìí ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí tí wọ́n sì lọ jẹun alẹ́ wọn. Garth kò jẹ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kò kan ìbọn mọ́. Ti Dell wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ń tì pa, síbẹ̀ mo máa ń fara gba ògiri kejì tí mo bá ń kọjá níbẹ̀, bí ẹni pé ajá abùnijẹ ni wọ́n so síbẹ̀.

Mo wá gbé méjèèjì lé òṣùwọ̀n nínú ọkàn mi, ìbọn àti ilé òfìfo. Ilé òfìfo ló wúwo jù. Mo ní kó lọ.

Ilé àwọn panápaná ní ìlú ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì náà, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí ọmọdé kò bá yege níbẹ̀, kò lè gba ìwé àṣẹ ọdẹ. O kò sì ní gbà gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Bechtold wa náà ló ṣì ń kọ́ wọn, ẹni tó kọ́ wa ní sáyẹ́ǹsì ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí kò tíì kúrò níbẹ̀, ẹni tí ìwọ máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ títí tí gbogbo kíláàsì á fi dàrú. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ohùn imú yẹn wà síbẹ̀.

Linnea bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó sì pa gbogbo ìwé yòókù tì. Kó fọwọ́ bo ojú, kó ka òfin ìbọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lè ṣe é. Kó ṣí ìwé ìṣirò, rárá.

“Linnea, ìṣirò.”

“Mama, ta ni x yìí gan-an? Kí ló ṣe tí gbogbo ayé fi ń wá a kiri? Ẹ jẹ́ kó sinmi níbi tó bá wà.”

Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín mọ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́. Ione pè mí, o mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́. Ó ní, “Corinne ọmọ mi, mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ń rẹ̀yìn. Bí agbára rẹ kò bá gbé e, fi í ránṣẹ́ sí mi, yàrá rẹ̀ ti wà ní títọ́jú.” Mo mọ̀ pé bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún Dell lẹ́ẹ̀mejì, Dell á gbà. Ìlú á sì gba ọmọ mi.

Mo sọ fún Dell lórí fóònù pé ìbọn nìkan lọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́. Ó ní, “Fi ìbọn kọ́ ọ ní ìṣirò nígbà náà.” Àwàdà ló ń ṣe. Ẹ̀rọ ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, n kò tilẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tán kí wọ́n tó pè é lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí mi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọmọ kò bá gba ti ìwé wọ inú ìbọn, ó lè gba ti ìbọn wọ inú ìwé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bi í ní ìbéèrè kan nígbà tó ń jẹun. Mo ní, bí ènìyàn bá di ìbọn mú gbọọrọ lórí pápá tó tẹ́jú, tó yìn ín, tí ẹlòmíràn sì ju ọta kan sílẹ̀ láti ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀?

“Èyí tó bọ́ lọ́wọ́. Ìyẹn ò ṣòro.”

“Wọ́n á jọ kanlẹ̀ ni.”

“Irọ́!”

“Ta lò ń sọ irọ́ sí?”

“Ẹ máà bínú. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, Mama.”

A fi owó ẹyọ dán an wò lórí tábìlì. Ó fi ìka ta ọ̀kan jáde, ó ti èkejì ṣubú ní etí tábìlì. A fi etí gbọ́ ọ, ìró kan ṣoṣo. Ó ní ká tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí ajá wa fi bínú jáde. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé báwo ni èèyàn ṣe lè mọ ìwọ̀n tí ọta máa fi lọ sílẹ̀ kó tó dé ara àgbọ̀nrín tó jìnnà. Mo ní, “A ò mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni x.” Ó wò mí. Ó fa ìwé ìṣirò sọ́dọ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà lọ́gbọ́n burúkú o.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya àgbọ̀nrín sára ilẹ̀kùn abà, a kun inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, ẹ̀dọ̀, egungun ìhà, a sì kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mọ ìdí tí a kì í fi í yin ẹran láti ẹ̀yìn, pé yóò sá lọ jẹ̀rora níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ẹ̀tù di kẹ́místìrì: kí ló ń jó, kí ló ń di afẹ́fẹ́, kí ló ń ti ọta jáde. Bí ìbọn ṣe ń ta sẹ́yìn lu èjìká di fisíìsì. Nígbà tó bi mí pé ta ló fún ìjọba láṣẹ láti sọ ìgbà tí òun lè ṣọdẹ, mo gbé ìwé ìtàn fún un, mo ní kó lọ wá bí ẹfọ̀n pápá wa ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá láyé àwọn baba ńlá wa. Ó padà wá, ojú rẹ̀ le. Àròkọ tó kọ lórí rẹ̀ gùn ju gbogbo èyí tó ti kọ rí lọ. Àwọn òfin ìbọn pàápàá, mo ní kó kọ wọ́n ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kó sì fi “nítorí” sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Má na ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ pa, nítorí. Mọ ohun tó wà lẹ́yìn ohun tí o fẹ́ yìn, nítorí. Òfin tí kò bá ní “nítorí,” ọmọ mi kì í gbà á láti kékeré.

Èmi náà, tí n kò ju sẹ́kọ́ńdìrì lọ, mo ń ka ìwé ṣíwájú rẹ̀ bí ẹni tí ajá ń lé. Inú mi sì dùn, Shawna. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Dell wálé, ó bá wa lẹ́nu àríyànjiyàn lórí afẹ́fẹ́ àti ọta, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́, kò rí ẹni kí i.

Lọ́jọ́ kan a fi òṣùwọ̀n tí Dell fi ń wọn ẹja wọn agbára tí ìka nílò láti fa ìbọn kó tó dún. Ìbọn náà ṣófo, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò. Òun ló gbé e. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń sọ yìí, òun ló ń gbé ìbọn, èmi ń gbé ṣọ́ọ̀kì. Mo dúró nídìí omi, mo kọ ẹ̀yìn sí i díẹ̀. Ó ka ohun tó rí sókè. Kò tó ìwọ̀n àpò ṣúgà kékeré kan.

Ó wo òṣùwọ̀n náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá, ó ní, “Mama, ẹ̀ka igi tín-ínrín lè ṣe é.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Wáyà lè ṣe é.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Linnea.”

Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lọ ti ìbọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló kàn.

Àná ni wọ́n wá ṣe ìdánwò ti orí pápá. Òbí kan gbọ́dọ̀ bá ọmọ rìn. Dell ló yẹ kó wá, ṣùgbọ́n yìnyín ti dí ọ̀nà Dakota, ó pè ní òwúrọ̀ pé òun kò lè kúrò. Mo wo Linnea. Ó ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn títàn tí àwọn ọdẹ máa ń wọ̀, ó ti so bàtà. Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Pápá tó wà lẹ́yìn ilé panápaná ni. Wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìbọn àti ọta tí kò ní ẹ̀tù nínú, pé kí wọ́n rìn bí ẹni ń ṣọdẹ, kí òbí máa bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì ọdẹ. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí a fi dé ibi wáyà. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún, Shawna, irú tiwa gan-an.

O mọ bí wọ́n ṣe ń kọjá bí ọdẹ bá jẹ́ méjì. Ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ kọjá á yọ ọta, á ṣí ihò ìbọn sílẹ̀, á wo inú rẹ̀, á sì nà án sí ẹnìkejì. Ẹnìkejì náà á fi ojú ara rẹ̀ wo inú ihò yẹn, á ní, “Mo ti gbà á.” Ìgbà náà ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè tú ọwọ́.

Linnea yọ ọta, ó ṣí i, ó wò ó. Ó nà án sí mi.

Ọwọ́ mi dúró lójú afẹ́fẹ́. Lyle Ferrin, tó ń dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀, pariwo pé, “Corinne! Kì í buni jẹ o! Ìbọn ni, kì í ṣe màlúù Dell tó ta ọ́ nípàá lọ́jọ́sí!” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Lyle, wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ, okùn bàtà rẹ̀ ti tú.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, mo sì lo ẹ̀rín yẹn láti fi na ọwọ́. Mo gbójú sókè, mo di ìbọn náà mú, mo yára ní, “Mo ti gbà á.”

Kò tú ọwọ́.

Mo fà á díẹ̀. Kò tú ọwọ́.

“Ẹ ò wò ó, Mama.”

“Mo wò ó.”

“Ẹ ò wò ó. Òkè lẹ̀ ń wò.”

“Linnea, àwọn ènìyàn ń dúró dè wá.”

“Kí wọ́n dúró.”

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀gbẹ́ni Bechtold dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò dá sí i. Ojú ọmọ náà ti pọ́n, mo mọ̀ pé ojú ń tì í, pé ó rò pé òun ti kùnà, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò kúrò lára igi ìbọn yẹn. Ó wá sọ̀rọ̀ lọ́nà tí èmi nìkan fi gbọ́. Ó ní, “Ẹ rọra. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó fúnra yín.”

Mo wò ó. Shawna, ihò kékeré kan báyìí ni, irin dídán, òórùn epo ìbọn. Láti ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń sá fún un, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo wò ó títí ojú mi fi ń ṣomi, bóyá òtútù ni. Mo ní, “Mo ti gbà á.”

Ó tú ọwọ́. Ìwọ̀n ìbọn náà bọ́ sí ọwọ́ mi lódidi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ wáyà kọjá, ó dìde ní òdì kejì, ó gbọn yìnyín kúrò lórúnkún, ó kọjú sí mi pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. N kò rí i rí láti ibi tó jìnnà sí mi tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wáyà lásán ló wà láàárín wa.

Ó yege. Bechtold ní nínú gbogbo ọmọ tí òun ti kọ́ láti ọdún pípẹ́ wá, àwọn tó máa ń tú ọwọ́ fún bàbá wọn kí bàbá náà tó wò ó ló pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bu ọbẹ̀ ẹ̀wà eléran àti búrẹ́dì dídùn fún gbogbo wa nínú ilé panápaná. Àwọn ọmọ ń ṣeré níta. Bechtold gbé àwo tirẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ọmọ rẹ bá mi jiyàn lórí bí ẹ̀tù ṣe ń jó. Òun ló sì jàre. Ta ló kọ́ ọ?”

“Èmi ni, sà.”

“Ìwọ? Ìwọ Corinne tó máa ń sùn ní kíláàsì mi?”

“N kò sùn, sà. Oyún ni.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi dà sí i láya. Mo wá sọ fún un bí mo ṣe ń mú ẹ̀kọ́ ìbọn wọ inú gbogbo ìwé rẹ̀, ilẹ̀kùn abà, owó ẹyọ, “nítorí,” gbogbo rẹ̀. Ẹnu mi kò dúró. Ṣé o mọ ìgbà tí ẹnìkan ti bi mí léèrè iṣẹ́ mi gbẹ̀yìn? Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, “Kó iṣẹ́ rẹ̀ wá fún mi lọ́jọ́ Ajé. Bí ó bá rí bí mo ṣe rò ó, ó lè wọlé bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní, kò ní tún kíláàsì kankan ṣe. O káre, Corinne. O ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mo gbé àwo mi sílẹ̀. Okùn tí mo fi so ó mọ́ tábìlì mi, òun náà ló ti di àkàbà yìí.

A wọ ọkọ̀, a kọrí sílé. Linnea ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ọ. Mo ń rò pé Bechtold kò sọ ọ́ fún un, èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Bí n kò bá kó iṣẹ́ náà lọ lọ́jọ́ Ajé, yóò rò pé mo ti yí ọkàn padà, kò ní béèrè. Òtútù yóò kọjá, ọdún yóò yípo, tábìlì á wà níbẹ̀, òun á wà níbẹ̀. Bí mo ṣe rò ó gẹ́lẹ́ nìyẹn. A dé géètì wa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i, mo wakọ̀ wọlé, ó tì í, ó padà wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí irun. Mo pa ọkọ̀ síbẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí Bechtold sọ fún mi fún un.

Ojú rẹ̀ là. Mo rí i. Lẹ́yìn náà ló wò mí, ó sì pa á dé, bí ẹni tó pa iná kí àlejò má baà mọ̀ pé òun wà nílé.

Ó ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi ńkọ́ báwo?”

“Ta lẹ máa kọ́?” Ó gbọn ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Kò le, Mama. Mo lè dúró. Inú mi dùn síbí náà.”

Ohùn rẹ̀ ló pa mí, Shawna. Ohùn tó fi ń bá ajá arúgbó wa sọ̀rọ̀ ni, ìgbà tí ajá náà kò bá lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Mo yíjú sí i, mo wò ó dáadáa, n kò wo òkè, n kò wo ẹ̀gbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ti ń ṣètò bí yóò ṣe máa gbé mi.

Mo ní, “Rárá. Wàá lọ.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Kò dá mi lójú rárá. Wàá lọ.”

Nígbà tí a wọlé, ó ràn mí lọ́wọ́ kó igi ìdáná, ó bi mí bóyá òótọ́ ni, ó tún bi mí. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sí kíṣínì. Mo gbọ́ tó ń pe ìyá bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má baà gbọ́, ẹ̀rín náà ń yọ láàárín ìka rẹ̀, o mọ bí ẹ̀rín àwa méjèèjì ṣe máa ń yọ nínú kíláàsì. Ó ti pẹ́ tí n kò ti gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín báyẹn nílé wa. N kò dìde, n kò wú ikọ́, kó má baà dákẹ́. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi rẹ́rìn-ín tán.

Lọ́la a ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún Bechtold. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí màmá rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, bí wọ́n bá ṣì ń gbà. Bí oṣù kìíní bá dé, jọ̀wọ́ máa kọ̀wé sí mi. Kì í ṣe dandan kí ó ní ìròyìn nínú. Kọ ohun tí ẹ jẹ lálẹ́, kọ ohun tí ẹni tó ń gbé lókè yín ń pariwo lé lórí. Kọ ọ́ gígùn.

Ẹni tìrẹ láti kíláàsì Bechtold títí dòní,

Corinne.